Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ dókítà ẹran

Ìfẹ́ ajá àti ológbò ló fa ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi wọ iṣẹ́ yìí. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù màlúù gan-an máa ń bà mí ní kékeré.

Màlúù ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé odidi ọ̀dùnkún mì, ó há a lọ́fun. Kò lè gùnfẹ̀ mọ́, ni inú rẹ̀ bá wú, ó le bí awọ ìlù. Wọ́n ti ń wá ọ̀bẹ kí wọ́n lè dú u kó tó kú nígbà tí dókítà ẹran dé. Dókítà náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìka kan ìhà òsì màlúù náà, ó fetí sí i, ó fá irun ibẹ̀, ó sì ki irin oníhò bọ kòtò tó wà lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tú jáde, ṣíóó! Òórùn rẹ̀ lé gbogbo àwa ọmọdé sẹ́yìn. Ìgbà tí ara ẹran rọ̀ ló tó rọra ti ọ̀dùnkún náà padà sẹ́nu rẹ̀.

Mo bi í pé, “Dókítà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni?” Ó ní apá òsì ni àpò oúnjẹ màlúù tó tóbi jù wà, ó sì fa ọwọ́ mi lé e. Nígbà tó yá, nǹkan kan ru sókè lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó tún rọra wálẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti pinnu pé iṣẹ́ yìí ni màá ṣe.

Ìwé rẹ̀ le o. Ara ẹ̀dá kan ṣoṣo ni dókítà ènìyàn ń kọ́. Àwa ń kọ́ ti ẹṣin, ti adìẹ, ti ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á tún máa pè wá ní dókítà ajá. Kò burú. Tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gún fún ajá ló ń dáàbò bo ọmọ inú ilé. Àrùn rinderpest tó máa ń pa màlúù lọ bẹẹrẹ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Tí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò kì í bi í bóyá ó fẹ́ràn ẹran. Mo máa ń bi í bóyá ó lè fara da ènìyàn, torí ẹni tó ni ẹran ló ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà ló sì máa ń parọ́ nípa ohun tí ẹran rẹ̀ jẹ.