Ta ló ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí iná Check Engine kò sì kú?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, mo kí yín o. Iná Check Engine tàn nínú mọ́tò mi, síkánà tó ń ka àṣìṣe mọ́tò sì gbé kóòdù P0171 jáde, ìyẹn ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì mi ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn iwájú, èyí tó ń wo ọ́síjìn inú èéfín, ló ti kú, kí n lọ ra tuntun. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.

Rìwáyà Àgbà: Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Wọ́n gbé mọ́tò kan tó ní kóòdù yìí gan-an wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ níbòmíràn tí iná náà sì tún padà tàn. Fóòltì rẹ̀ kò kúrò nísàlẹ̀ 0.2, ìyẹn àmì pé epo kéré, ẹni tí kò bá wádìí á sì sọ pé tuntun náà ti kú. Mo fẹ́ gáàsì díẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, lójú ẹsẹ̀ ni fóòltì gòkè ju 0.8 lọ. Sẹ́ńsọ̀ tó ti kú kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ tọ àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá èyí tó ti là lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ìránṣẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ yẹn. Ohun tó bá rí nínú èéfín ló ń rò fún kọ̀ǹpútà.

Eku-Kò-Ṣenu-re: Tèmi, wáyà ni eku jẹ.

Awakọ̀ Jẹ́jẹ́: Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ àwọn tí kò mọwọ́ iṣẹ́ yìí láti máa fẹ́ gáàsì sítòsí ẹ́ńjìnnì. Páìpù sàláńsà máa ń gbóná tó láti mú kí gáàsì gbiná.

Rìwáyà Àgbà: Òótọ́ lo sọ, mo gbà. Ẹni tí kò bá mọwọ́ rẹ̀, kó wo ìwọ̀n epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un lórí síkánà. Bó bá ga nígbà tí a kò tẹ iná, tó sì wálẹ̀ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ dé ìyípo ẹ́ńjìnnì 2500 ní ìṣẹ́jú kan, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa gba ibi tó ti là wọlé. Bó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń tẹ iná ló ń ga sí i, kó yẹ pọ́ńpù àti fílítà epo wò.

Ìyá Onímọ́tò: Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé sẹ́ńsọ̀ kì í kú rárá. P0135 ni tèmi gbé jáde. Ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ náà gbóná nínú ló ti já, kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. A yẹ fíúùsì wò, ó dára. Iná bátìrì dé ojú ìso wáyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi mítà sí wáyà méjì tó ń gbé iná lọ síbi ìgbóná náà, kò sí ìsopọ̀ kankan láàárín wọn. A pààrọ̀ rẹ̀, iná kú.

Ọ̀dọ́ Mẹkáníìkì: Pọ́lọ́ọ̀gì tí kò jó náà ń tan ènìyàn jẹ o. Ọ́síjìn tí iná kò lò á bá èéfín jáde, sẹ́ńsọ̀ á ní epo kéré, kọ̀ǹpútà á tún máa da epo sí i. Bákan náà ni ihò tó bá wà lára sàláńsà ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun kò lo irú sẹ́ńsọ̀ tó ń lọ láàárín fóòltì 0.1 sí 0.9 níwájú mọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó: 28 nínú ọgọ́rùn-ún ni epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un láìtẹ iná, 4 ní 2500. Ẹnì kan tún ní kí n tú sẹ́ńsọ̀ náà, kí n fi pẹ́tírólù fọ̀ ọ́.

Ìyá Onímọ́tò: Má fọ̀ ọ́ o. Ooru èéfín fúnra rẹ̀ lè jó ẹ̀dú kúrò lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ sílíkónì tàbí òjé ló bà á jẹ́, kò sí pẹ́tírólù tó lè wẹ̀ ẹ́ nù.

Rìwáyà Àgbà: 28 sí 4! Rọ́bà ni kí o wá.