Kí ló mú Nokia àti BlackBerry kógbá sílé, fóònù wo ló sì yẹ ká rà báyìí?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra fóònù fún àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé. iPhone tokunbọ̀ ló ń wá, èmi sì ní kó gba Android tuntun tí owó rẹ̀ kò ju ti tokunbọ̀ náà lọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mo rántí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní BlackBerry ní Tanke kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàrin ẹgbẹ́. Kí ló ń bi ilé iṣẹ́ fóònù ṣubú nígbà tí ọjà rẹ̀ ṣì ń tà, báwo sì ni èèyàn ṣe lè mọ èyí tí kò ní di aláìwúlò láìpẹ́?

Alátùnṣe, Challenge:
Ẹ kú ìnáwó. Kì í ṣe ike tàbí gíláàsì ló pa wọ́n, ètò ìṣiṣẹ́ (operating system) tó wà nínú fóònù ni. Nígbà tí Apple gbé iPhone àkọ́kọ́ jáde ní 2007, Nokia ló ń ta fóònù jù lọ lágbàáyé, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Symbian, ètò ìṣiṣẹ́ tó ń lò, fún, kì í ṣe ojú fóònù tí à ń fi ìka tẹ̀. Ní 2008, Apple ṣí ọjà áàpù tirẹ̀, ọdún yẹn kan náà sì ni fóònù Android àkọ́kọ́, èyí tí HTC ṣe, jáde. Google, tó ti ra Android láti 2005, kò gba owó ètò náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fóònù, torí inú ìpolówó ọjà ni èrè tirẹ̀ wà. Bí Samsung àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe dì mọ́ ọn nìyẹn. Ibi tí èrò pọ̀ sí ni ẹni tó ń ṣe áàpù ń bá lọ, ibi tí áàpù bá sì pọ̀ sí ni èrò tún ń wọ́ lọ. Nokia bá Microsoft pawọ́ pọ̀ lórí Windows Phone, ètò ìṣiṣẹ́ Microsoft, ní 2011, kámẹ́rà àwọn fóònù Lumia tí wọ́n ṣe sì dára débi pé mo ṣì ń yìn ín, àmọ́ áàpù kò tó nínú rẹ̀. Ní 2014, Microsoft gba ẹ̀ka fóònù Nokia, kò sì lè jí i dìde.

BlackBerry ní tirẹ̀ há BBM, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, mọ́wọ́ títí di 2013 kó tó fún Android àti iPhone, WhatsApp sì ti gba ìgboro kó tó dìgbà náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2022, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ tó ń gbé àwọn fóònù BlackBerry àtijọ́ ró dúró.

Oníṣòwò Ọ̀fà:
Ẹ ṣeun, Alátùnṣe, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn tó gba ọjà wa láìní ètò ìṣiṣẹ́ tiwọn. Transsion, ilé iṣẹ́ kan ní Shenzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló ni Tecno, Infinix àti itel, orí Android ni wọ́n sì gbé HiOS àti XOS, ojú tí Tecno àti Infinix fi ń hàn, lé. Síìmù méjì, bátìrì tó ń pẹ́ àti kámẹ́rà tó ń ya aláwọ̀ dúdú dáadáa ni wọ́n fi borí. Bátìrì ni àwọn oníbàárà mi kọ́kọ́ ń béèrè, torí ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí. Kò tíì sí ẹni tó bi mí léèrè Symbian rí.

Alátùnṣe, Challenge:
Mi ò bá yín jiyàn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò lè sùn fọnfọn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de Huawei ní 2019, àwọn fóònù tuntun rẹ̀ pàdánù áàpù Google, ló bá gbé HarmonyOS, ètò ìṣiṣẹ́ tirẹ̀, kalẹ̀. Ní Ṣáínà, ìyẹn rọrùn, torí wọn kì í lo Google níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán, iye ọdún tí fóònù yóò ṣì máa gba àtúnṣe ètò ìṣiṣẹ́ (update) ni kí ẹ béèrè, ẹ fi orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Samsung ṣèlérí ọdún 7 fún Galaxy S24 ní 2024, Google sì ti ṣe irú rẹ̀ fún Pixel 8 ní 2023, àmọ́ àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Ní ti iPhone, iOS 26, ètò ìṣiṣẹ́ iPhone tó jáde ní 2025, kò wọ XR àti XS ti 2018 mọ́. Láti iPhone 11 ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán:
XR gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu! Bá a bá wá dé ṣọ́ọ̀bù, kí ni ká yẹ̀ wò?

Alátùnṣe, Challenge:
Bó bá jẹ́ Android, ẹ wọ Settings, kí ẹ tẹ About phone, ẹ ó rí Android version àti ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò kẹ́yìn wọlé. Bí ọjọ́ náà bá ti ju ọdún kan lọ, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àtúnṣe tuntun tí kò sì sí, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ wo Battery Health: bí iye rẹ̀ kò bá tó 80% mọ́, bátìrì náà ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Bó bá sì ń sọ pé òun kò dá bátìrì mọ̀, wọ́n ti tú fóònù náà rí, kí ẹ fìyẹn dúnàádúrà.