Èsì: "Àìríru ẹ̀jẹ̀" kọ́ lorúkọ ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe ìfúnpá (agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti òpó ẹ̀) tó ń já wálẹ̀ nígbà tí alárùn Parkinson (àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n tàbí le) bá dìde ní "àìríru ẹ̀jẹ̀", mo dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ n ò gbà. Kí ni "àì-" ń wá níbẹ̀? Ṣé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ru wá di aláìsàn? Àdúrà tí gbogbo wa ń gbà nìyẹn!

Ọ̀pọ̀ wọn gan-an, tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ẹ wọn ẹni náà lórí ibùsùn, ẹ lè bá 160 ní nọ́ńbà òkè nínú méjì tí ẹ̀rọ ń gbé jáde. Ẹ ní kó dìde: kó tó pé ìṣẹ́jú 3, ó ti di 110, òòyì ti ń kọ́ ọ, ojú ẹ̀ ti ṣú, ọrùn àti èjìká ń ro ó. Èwo ni "àì-" nínú ìyẹn? Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 3 yẹn, làwọn dókítà ń sọ pé ó ti dé. Wíwálẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n.

Àrùn Parkinson ló ba iṣan tó ń jíṣẹ́ fún òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sẹ́sẹ̀ bí èèyàn bá dìde, noradrenaline, kẹ́míkà tó ń sọ fún òpó pé kó fún, tó yẹ kí iṣan tú jáde ò ní tó, òpó ò ní fún, ọkàn ò sì ní yára tó bó ṣe yẹ. Oògùn levodopa tí wọ́n ń lò sí àrùn náà tún lè dá kún un.

"Ìfúnpá àdìdewálẹ̀" ni tèmi. "À-" inú "àkọsílẹ̀" nìyẹn: ó dìde, ó wálẹ̀.

Ẹni tó sọ pé òǹdè tí wọ́n ń so mọ́ apá ni "ìfúnpá", pé kò yẹ lẹ́nu dókítà: ẹ̀rọ dókítà ńkọ́, ṣebí apá náà ló ń fún? Àwọn àgbà tó tọ́ èmi dàgbà ò ní rojọ́ lórí ìyẹn.

Ti "àrùn gbọ̀nrìrì" tẹ́nì kan tún jù sílẹ̀ fún àrùn Parkinson, James Parkinson fúnra ẹ̀, dókítà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe àrùn náà, fi gbígbọ̀n sọ ọ́ lórúkọ ní 1817, àmọ́ àwọn kan wà tí wọn ò gbọ̀n rárá, ara wọn kàn ń le ni. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.