Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Modomo àti ọ̀nà Ẹdẹ, báwo lẹ ṣe ń ríṣẹ́?

Bíríkìlà_Tuntun
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe fírídọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ ìyàwó mi ló gbé wa wá sí Modomo. Kò sí ọ̀nà téèyàn yà sí níbí tí wọn ò ti máa kọ́lé: ìpìlẹ̀ lọ́tùn-ún, búlọ́ọ̀kù lósì. Oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé wa pàápàá, wọ́n ti gé e sí púlọ́ọ̀tì. Síbẹ̀, iṣẹ́ ò kàn mí. Ibi tí mo bá yà sí, wọ́n á ní àwọn ti ní bíríkìlà. Báwo niṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe bọ́ sí yín lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ dé? Mo mọ búlọ́ọ̀kù tò, mo mọ ilé rẹ́, bó ti wù kíṣẹ́ kéré tó, màá ṣe é.

Ìyá_Oníbúlọ́ọ̀kù
Ọmọ mi, káàbọ̀ sí Ifẹ̀. Má tọ ẹni tó ti ń kọ́lé lọ mọ́, ọ̀dọ̀ àwa oníbúlọ́ọ̀kù ni kó o wá. Ẹni tó bá ti gbé ìpìlẹ̀ dìde ti ní bíríkìlà tiẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè iye tá à ń ta búlọ́ọ̀kù, òun ni ò tíì ní. Kó tó ra ẹyọ kan, á ti bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ mọ bíríkìlà gidi?" Ta ni mo wá ń dárúkọ fún un? Èyí tó máa ń wá kó búlọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ mi, tó ń fara balẹ̀ kà á, tó ń ya àwọn tó fọ́ létí sọ́tọ̀, tí kì í bá àwọn ọmọ mi jà. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìrèmọ
Òótọ́ ni Màmá sọ. Ibẹ̀ lèmi náà ti ríṣẹ́.

Oníkànga
Màmá, ẹ má bínú, àwa oníkànga ń mọ̀ ṣáájú yín o 😂. Ẹni tó ra ilẹ̀ síbi tí omi ẹ̀rọ ò dé, omi ló máa kọ́kọ́ wá. Kí ló fẹ́ fi po sìmẹ́ńtì? Kí búlọ́ọ̀kù tó délẹ̀, a ti wà nínú ihò. Bíríkìlà, wá oníkànga kan bá ṣọ̀rẹ́. Oṣù kejì sí ìkẹta niṣẹ́ wa máa ń pọ̀, torí ìgbà yẹn ni omi ilẹ̀ máa ń wálẹ̀ jù. Kànga tó bá kan omi lákòókò yẹn kì í sábà gbẹ. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lóṣù kẹsàn-án, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ẹrẹ̀ ni dọ́rọ̀ á máa gbé bọ̀.

Ìyá_Oníbúlọ́ọ̀kù
Mi ò bá ẹ jiyàn. A jọ máa júwe rẹ̀.

Fóòmáànù_Ìlódè
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo ti ń ṣe fóòmáànù nílùú yìí kí ọ̀nà Ẹdẹ tó dà báyìí. OAU, yunifásítì Ifẹ̀ níbí, ló ń gbé iṣẹ́ wa dìde, òun náà ló ń dá a dúró. Àwọn ọmọ tí ò rí yàrá nínú ọgbà ni wọ́n ń kọ́ gbogbo yàrá kan oníbalùwẹ̀ yìí fún. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní 14 oṣù kejì ọdún 2022, tí wọn ò wọlé títí di oṣù kẹwàá, ṣé ẹ rántí bí ìlú ṣe pa rọ́rọ́? Onílé tó ti ra páànù pa á tì síyàrá. Ta ló fẹ́ kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ò sí nílùú?

Iṣẹ́ àtúnṣe ló bọ́ wa nígbà yẹn. Tíṣà obìnrin kan pè mí pé ṣọ́kàwéè òun ń rùn. Nígbà tá a gbálẹ̀ orí ẹ̀, dẹ́ẹ̀kì tí wọ́n fi bò ó ti là láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, irin inú ẹ̀ sì ti dípẹtà débi pé ọwọ́ lásán ni mo fi ṣẹ́ ẹ. Ibẹ̀ gan-an lọmọ ẹ̀ kékeré ti máa ń ṣeré! A fọ́ ọ, a da òmíì, a fi irin 12 mílímítà sí i. Owó tó wọlé ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n tíṣà yẹn ra púlọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Oǹdó, ẹnu tíṣà ló gbé mi débẹ̀. Láti ìpìlẹ̀ títí wọ́n fi kun ọ̀dà, ọwọ́ mi niṣẹ́ wà. Nítorí náà, ìwọ bíríkìlà tuntun, bẹ̀rẹ̀ lórí fẹ́ǹsì, bẹ̀rẹ̀ lórí ṣọ́kàwéè.

Oníkànga
Fóòmáànù, ṣé ṣọ́kàwéè yẹn jìnnà sí kànga ṣá? 30 mítà ló yẹ kó wà láàárín wọn, ó kéré tán. Púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ tó 50 ẹsẹ̀ bàtà, tó gùn tó 100, gbogbo gígùn ẹ̀ ò ju bí 30 mítà náà lọ. Ẹ bá wa sọ fáwọn onílé kí wọ́n wo ibi tí ṣọ́kàwéè aládùúgbò wà kí wọ́n tó ní ká gbẹ́lẹ̀. Ọmọ kéékèèké ló ń mu omi yẹn.

Fóòmáànù_Ìlódè
Iwájú nìyẹn wà, kànga wà lẹ́yìn pátápátá. Mo wò ó.

Ọmọ_Ọ̀nà_Ẹdẹ
Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, ẹni tó ni ín wà ní Kánádà, àbúrò ẹ̀ ló gbé e fún wa. Ojú fèrèsé la ṣì wà tí àbúrò ti sọ fún un pé a ti da líńtẹ̀ẹ̀lì, kọnkéré tó máa ń wà lórí fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n pè é ní fídíò pé kó fi ilé han òun. Àbúrò dìde lórí búlọ́ọ̀kù tó jókòó sí, ó gba ẹ̀yìn wa kọjá, ó lọ fi ilé aládùúgbò hàn án, èyí tí wọ́n ti kan igi òrùlé sí! À ń gbóhùn ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń ṣàdúrà fún un. Bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ wa ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rí nọ́ńbà mi gbà, ó pè mí, mo sì sọ bó ṣe rí. Ọjọ́ kejì ni àbúrò lé mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wálé ní Kérésì, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì wá mi kàn.

Ọmọ_Ẹnuwá
Ilé aládùúgbò kẹ̀? Èyí ò wọ̀ mí létí o. Ṣé ẹ̀gbọ́n ò mọ ilé tiẹ̀ ni?

Ọmọ_Ọ̀nà_Ẹdẹ
Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta ni méjèèjì, wọn ò tíì rẹ́ ọ̀kankan. Kí lo fẹ́ fi dá a mọ̀ lórí fóònù?

Kunlékunlé_Lágeré
Mo gbà á gbọ́. Ibì kan tá a ti ṣiṣẹ́, òkìtì yanrìn kan ṣoṣo ni wọ́n ń yà ní fọ́tò léraléra. Wọ́n kàn ń yí ibi tí wọ́n dúró sí ni.

Tíṣà_Parakin
Ẹ má fi gbogbo àbúrò wé ara wọn, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo bójú tó ilé ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí àpò sìmẹ́ńtì kan fò kọjá ₦10,000 níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó rò pé mò ń jẹ owó òun. Rìsíìtì ni mò ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, mo sì ń sunkún. Ẹni tó wà lókè òkun ò mọ bí ọjà ṣe ń fò.

Fóòmáànù_Ìlódè
Ọmọ Ọ̀nà Ẹdẹ, inú mi dùn pé ó dáa fún ẹ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbéṣẹ́ fún ẹ lọ̀gá ẹ. Tó o bá ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ bá onílé sọ̀rọ̀, ta ló tún fẹ́ pè ẹ́?

Ọmọ_Ọ̀nà_Ẹdẹ
Bàbá, ẹ dákun, èmi kọ́ ni mo pe onílé, òun ló pè mí. Ṣé kí n wá purọ́ fún un ni?

Ìyá_Oníbúlọ́ọ̀kù
Kò gbọdọ̀ purọ́. Fóòmáànù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Fóòmáànù_Ìlódè
Mi ò ní kó purọ́. Kó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àbúrò ni mo wí.

Ìyá_Ìbejì_Lébírà
Ọ̀rọ̀ ọ̀gá lẹ̀ ń sọ. Àwa tá à ń ru omi, tá à ń gbé kọnkéré ńkọ́? Tówó bá há sọ́wọ́ àbúrò, ilé wa lebi ti kọ́kọ́ ń wọ̀. Iṣẹ́ òòjọ́, owó òòjọ́ ni tèmi. Alẹ́ tí wọn ò bá san án, wọn ò ní rí mi láàárọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìrèmọ
Ẹ wí i ire, Ìyá Ìbejì.

Ọmọ_Ẹnuwá
Ẹ tiẹ̀ sọ fún mi, kí ló dé tó jẹ́ pé ará Kútọnù làwọn onílé ń wá tó bá ti di táìsì? Ṣé kò sí ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n lẹ̀ ni?

Kunlékunlé_Lágeré
Wọ́n wà. Àmọ́ ọmọ wa lè fi táìsì sílẹ̀ ní ìlàjì kó gba iṣẹ́ míì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìrèmọ
Gbogbo wọn kọ́ o! Àbúrò mi ń lẹ̀ ẹ́, ọmọ Ifẹ̀ ni, kò sì fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí.

Fóòmáànù_Ìlódè
Ìkọ́ṣẹ́ ló bàjẹ́. Nígbà tiwa, ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń sin ọ̀gá. Ọmọ ìsinsìnyí á kọ́ ọ fún oṣù díẹ̀, á ní òun fẹ́ gun ọ̀kadà. Àwọn ará Kútọnù ò já ìkọ́ṣẹ́ wọn sílẹ̀, ohun tí mo fi ojú rí nìyẹn.

Ọmọ_Ẹnuwá
Ọ̀kadà ń mówó wọlé lójoojúmọ́, Bàbá. Ọ̀gá ò san nǹkan kan fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ rò ó wò.

Bíríkìlà_Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dé ọ̀dọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù kan nítòsí wa. Ó ń ta búlọ́ọ̀kù ní pọ́ọ́kú, àmọ́ mo gbé ọ̀kan sókè níwọ̀n orúnkún, mo jù ú sílẹ̀, ó fọ́ yángá. Ọmọ ibẹ̀ ní àádọ́ta ni àwọn ń rí nínú àpò sìmẹ́ńtì kan. Ṣé kí n máa bá irú wọn ṣe?

Ìyá_Oníbúlọ́ọ̀kù
Àádọ́ta búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án? Rárá o, ọmọ mi, yanrìn lásán nìyẹn. Èmi ò ju ọgbọ̀n lọ, ìdí tí tèmi fi wọ́n díẹ̀ nìyẹn. Tí ilé bá là, orúkọ bíríkìlà ni wọ́n máa ń dá, wọn kì í dárúkọ ẹni tó ta búlọ́ọ̀kù. Kúrò níbẹ̀.

Fóòmáànù_Ìlódè
Bíríkìlà Tuntun, fẹ́ǹsì kan wà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Parakin, ẹni kan ti já mi kulẹ̀ níbẹ̀. Kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, kó o mú tírówẹ̀lì àti lẹ́fẹ́lì ẹ wá lọ́jọ́ Ajé. Màá wo bó o ṣe ń tò ó.

Bíríkìlà_Tuntun
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti kọ̀wé sí yín.

Ìyá_Ìbejì_Lébírà
Fóòmáànù, ṣé ẹ ti ní lébírà síbẹ̀? Àti pé ṣé alẹ́ lẹ máa ń san án?