Ìyáwọ́, ìfura tàbí ìròdè: kí ni ká pe ọgbọ́n ọ̀ta géèmù?

Ẹ̀gbọ́n wa ará Kétu, ẹ kú iṣẹ́ àtòjọ ọ̀rọ̀. Mo ka àbá yín pé kí a fi “ìyáwọ́”, ìyẹn ọwọ́ yíyá, pe ọgbọ́n tó ya ọ̀ta (ògbóǹtarìgì) sọ́tọ̀ lára òpè nídìí géèmù orí ẹ̀rọ, mo sì ka èsì àbúrò wa obìnrin láti Ṣábẹ̀ẹ́, tó ní “ìfura” ló yẹ ibẹ̀. Ọ̀ta àti òpè tí ẹ yá láti ìdí ọpọ́n ayò, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi gbà wọ́n, nítorí ẹni tó ń fi géèmù jẹun ní Kòríà tàbí Japan kò yàtọ̀ sí ọ̀ta ayò: kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò kan, ó ti mọ ilé tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. “Ìyáwọ́” gan-an ni n kò lè gbà, “ìfura” náà kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun kékeré kúrò lọ́nà. Ọmọ tó ń kọ̀wé lórí fóònù kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí “ìyáwọ́” bá bọ́ gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó ni yóò kù, àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ yóò sì máa kọ ọ́ síra wọn pé ìyàwó ló ṣe pàtàkì jù nínú géèmù. Ẹ lè sọ pé àwa tí a ń lo ɔ nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin kò lè ṣì í kà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń wá ɔ kiri lórí fóònù?

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìjà mi gan-an. Ẹ fi géèmù ogun StarCraft ṣe ẹ̀rí, pé àwọn ọ̀ta ará Kòríà máa ń tẹ bọ́tìnì ju ìgbà 300 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Iye náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹni tó bá wo ìbẹ̀rẹ̀ eré wọn, nígbà tí kò tíì sí ohun gidi kan láti ṣe, yóò rí i pé púpọ̀ nínú títẹ̀ yẹn ni wọ́n kàn fi ń mú ọwọ́ gbóná. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ yíyá ni gbogbo rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ langba ni ìbá máa gba ife lọ́dọọdún. Lee Sang-hyeok, tí wọ́n ń pè ní Faker, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé géèmù League of Legends ní 2013 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, ó sì tún gbà á ní 2024 nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 28. Ẹ má sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń yá sí i fún ọdún mọ́kànlá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Nínú géèmù ìjà bíi Tekken, àwòrán 60 ni ẹ̀rọ ń gbé sójú gíláàsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀ṣẹ́ kékeré tí gbogbo wọn máa ń lò, àwòrán 10 péré ló fi ń dé ara ẹni. Ohun tí ojú ènìyàn bá rí kì í di ohun tí ọwọ́ ṣe kí ó tó tó nǹkan bí àwòrán 12, bó ti wù kí onítọ̀hún já fáfá tó. Ẹ̀ṣẹ́ ti balẹ̀ kí ọwọ́ tó gbọ́. Ẹni tó bá ń bọ́ lọ́wọ́ irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léraléra ti gbé ọwọ́ kí ojú tó rí i.

Ohun tí Daigo Umehara ọmọ Japan ṣe ní Kalifóníà ní 2004 nìyẹn, tí àwọn òṣèré géèmù ìjà kò fi yé sọ ọ́ títí di òní. Ẹ̀mí akọni rẹ̀ ti kù bíńtín nígbà tí alátakò rẹ̀, Justin Wong, tú ìpá 15 lé e lórí léraléra. Bó bá fọwọ́ bo ara lásán, ìpalára díẹ̀ tó ń kọjá lára ọwọ́ náà ti tó láti pa á. Àfi kó máa ti ọ̀pá ìdarí síwájú, kó dojú kọ ìpá kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó ń dé gan-an. Ó gbọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dànù, ó sì na Wong. Ti àkọ́kọ́ nínú wọn kò ṣeé fi ojú dúró dè rárá. Ó ti gbà á lọ́kàn pé ìpá yẹn ni yóò wá, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀. (Kò tilẹ̀ gba ife lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ló nà án ní àṣekágbá.)

Àbúrò wa yóò ní ohun tí òun ń pè ní ìfura nìyẹn. Ó kù díẹ̀. Ẹni tó fura lè kàn dúró gbagidi kí ó máa wo ọ̀nà, ó sì lè sá. Daigo kò sá, iwájú ló ń ti ọ̀pá sí. “Fura” kò ní ìṣe tí a ti pèsè sílẹ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ ìpèsè yẹn ni àwọn ọ̀ta ń fi ọjọ́ wọn ṣe: wọ́n há iye àwòrán tí ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà sórí, wọ́n ń wo eré àtijọ́ àwọn alátakò wọn, wọ́n sì ń pinnu ní ilé ohun tí wọn yóò ṣe bí lágbájá bá tún gba ọ̀nà yẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe dá “ìròdè” lábàá. A ń dúró dè é, a ń múra dè é, ọdẹ ń ba de ẹran. Kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti rò ó dè é. N kò pè é ní “àròdè” nítorí àròkọ àti àròsọ jẹ́ ohun tí a ti rò tán tí a gbé síta, ìṣe tí ń lọ lọ́wọ́ ni èyí sì jẹ́.

Mo gbé e lọ fún àwọn oníṣẹ́. Ní Sátidé tó kọjá mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan nítòsí ọjà Ouando, níbi tí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlá lọ ti ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa zémidjan (ọ̀kadà èrò) gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Wọ́n ta ọ̀mì, ó di pẹnáritì. Ọmọ náà kò wo gíláàsì. Àtàǹpàkò ẹnìkejì rẹ̀ lórí mànẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n fi ń darí eré lọ́wọ́, ló tẹjú mọ́, gólì rẹ̀ fò kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, ó mú un. Ọ̀gá zémidjan fi ẹ̀wù bo mànẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà kejì, ọmọ náà tún mú un. Mo bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Bàbá, bó bá ti pẹ́ kó tó gbá a, ọ̀tún ló ń lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kà á.” Mo sọ ọ̀rọ̀ tuntun náà fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, mo rò ó dè é ni.”

Ó la ọ̀rọ̀ náà sí méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbà á, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ “rò dè” sínú àtòjọ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gba àbọ̀ sí àárín, bíi “bàjẹ́”, kí ẹ sì fi “ìyáwọ́” sí abẹ́ rẹ̀ fún yíyára títẹ bọ́tìnì nìkan. Ti àwọn tó ń ṣe é ní márùn-ún márùn-ún, tí wọ́n ní láti máa pe ara wọn láàárín eré, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn, àbúrò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo sì fẹ́ kó bá wa wá a.