"Houston" ló wà lórí lẹ́tà wa, àmọ́ wọ́n ní abẹ́ káúntì la wà: ta là ń pè kí àsìkò ìjì tó dé?

Cypress_Tuntun:

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀ wà lápá Cypress. "Houston, TX" ni wọ́n ń kọ sára lẹ́tà wa, àmọ́ nígbà tí a pe 311 nítorí gọ́tà tó dí níwájú ilé, wọ́n ní a kò sí nínú ìlú, káúntì ló ni wá. 1 June tí àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀ sì ti kù dẹ̀dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ta là ń pè fún olè, iná àti gọ́tà? Báwo ni ìkìlọ̀ káúntì ṣe ń dé orí fóònù? Màmá wa tó ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn ń gbé lọ́dọ̀ wa, ṣé ètò kan wà fún irú wọn bí iná bá lọ? Jẹnẹrétọ̀ tó ń lo pẹtiró la ní; ṣé ó burú bí a bá gbé e sí gáréèjì tí a sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu? Báńkì tó yá wa lówó ilé tún ní "Zone X" (ibi tí máàpù omíyalé kò kà sí eléwu púpọ̀) la wà, pé kò pọn dandan ká ra ìnṣọ́ránsì omíyalé. Ṣé ká fi sílẹ̀ ni?

Baba_Ibeji_Katy:

Ẹ kú oríire ilé tuntun o. Ẹ má wo ti lẹ́tà. Orúkọ ìlú tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò kò bá ààlà ìlú mu. Ìwé owó orí ilé ni kí ẹ mú, tàbí kí ẹ wá ilé yín lórí hcad.org. Gbogbo àwọn tó ń bu owó jẹ lára yín ló tò síbẹ̀: Harris County, Flood Control District, Port of Houston, ilé ẹ̀kọ́, ESD (àjọ iná àti áńbúláǹsì àdúgbò), MUD (àjọ omi àdúgbò). Bí "City of Houston" kò bá sí láàrin wọn, ẹ ti wà lẹ́yìn ìlú nìyẹn, 311 kò lè ṣe nǹkan kan fún yín.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti olè, ìjà tàbí ẹ̀mí, 911 ni, inú ìlú tàbí ẹ̀yìn ìlú. Bí olè bá wà nínú ilé tí ẹ kò lè lanu, ẹ fi text ránṣẹ́ sí 911; wọ́n ń gbà á ní Harris County. Àdírẹ́sì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò la ẹ̀mí lọ, bíi kí ẹ jí láàárọ̀ kí ẹ rí i pé wọ́n ti fọ́ gíláàsì mọ́tò, ọ́fíìsì Sheriff ni kí ẹ pè: 713-221-6000.

Constable ń kọ́? Ọlọ́pàá gidi ni wọ́n ní Texas, wọ́n sì lágbára láti mú ènìyàn. Constable 8 ló wà ní Harris County, ìbò la fi ń yàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ HOA (ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò) àti MUD ló ń sanwó fún wọn kí àwọn deputy (ọlọ́pàá abẹ́ Constable) kan lè máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wọn ládùúgbò náà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ HOA yín bóyá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà dispatch wọn (ibi tí wọ́n ti ń rán ọlọ́pàá jáde). Bí ẹ bá ń relé ní December, ẹ wá fọ́ọ̀mù "vacation watch" lórí wẹ́ẹ̀bù Constable yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti mọ́tò tó yẹ kó wà níwájú ilé. Àbúrò tó bá wá wo ilé pẹ̀lú mọ́tò tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù, ó dájú pé wọ́n á dá a dúró.

Ohun tó ń da àwa tí a wá láti ilé rú jù nìyí: precinct (ẹkùn) Constable jẹ́ 8, precinct Commissioner (aṣojú tó ń bójú tó títì káúntì) jẹ́ 4, nọ́ńbà wọn kò sì bára mu. Ẹ lè wà ní Precinct 5 ti Constable kí Commissioner yín jẹ́ ti nọ́ńbà mìíràn pátápátá. Ẹ wá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "County Judge" náà kì í gbẹ́jọ́ olè, alága ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Commissioners Court ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín owó.

Iná àti áńbúláǹsì wà lọ́wọ́ ESD. Lápá Cypress, ESD 9 ló gba ibi tó pọ̀ jù, àwọn ni Cy-Fair Fire Department.

Gota_ati_Odo:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti gọ́tà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ènìyàn ṣe bọ́ọ̀lù. Títì àti gọ́tà abẹ́ rẹ̀, Commissioner ló ni wọ́n (bí títì náà kò bá jẹ́ ti HOA). Odò bayou àti kànáàlì ńlá jẹ́ ti Flood Control District. Kòtò ńlá oníkoríko tí omi òjò ń dúró sí lẹ́yìn ilé sábà máa ń jẹ́ ti MUD tàbí HOA. Omi ẹ̀rọ àti omi ẹ̀gbin wà lọ́wọ́ MUD. Nígbà tí ẹ bá ń fẹjọ́ sùn, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ kọ orúkọ títì méjì tó pàdé nítòsí, kí ẹ sì sọ bóyá omi ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì òjò. Bí ó bá ti fà tán láàrin wákàtí díẹ̀, wọn kò ní ka ìyẹn sí gọ́tà tó dí. Títì ibí ni wọ́n dìídì ṣe kó lè gba omi dúró nígbà tí gọ́tà bá kún, nítorí náà omi tó dé orókùn lójú títì kò túmọ̀ sí pé ó ń bọ̀ nínú ilé.

Bí bayou ẹ̀yìn yín bá kún fún iyẹ̀pẹ̀, ẹ lè máa bèèrè ibi tí $2.5 billion tí wọ́n dìbò fún ní 25 August 2018 wọlé sí, lẹ́yìn ọdún kan tí ìjì Harvey jà. Iṣẹ́ kíkọ́ ni owó yáwó yẹn wà fún: fífẹ odò, gbígbẹ́ kòtò ńlá, ríra ilé tí omi ń yà lóòrèkóòrè. Kò sí fún gígé koríko àti kíkó iyẹ̀pẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe tún gbé Proposition A wá ní November 2024, láti fi owó orí kún owó ìtọ́jú. Ó wọlé, àmọ́ ìbò díẹ̀ ló fi borí.

Ẹ fi harriscountyfws.org sórí fóònù yín. Òòṣùwọ̀n omi ló wà lára àwọn bayou, ẹ yan èyí tó sún mọ́ yín. Gbogbo ènìyàn ló ń wo iye íǹṣì òjò, èmi ò ka ìyẹn sí. Àlàfo tó kù láàrin ojú omi àti etí odò ni kí ẹ máa wò, àti bí ó ṣe ń yára dín kù. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ bí omi bá dé ibi gíga kan.

Waya_ati_Fiusi:

Jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì? Rárá o! Ilẹ̀kùn tó ṣí kò yí nǹkan kan padà. Ní ilé lọ́hùn-ún, wíndò wa ń ṣí, atẹ́gùn ń fẹ́ gba ilé kọjá, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn wíndò ń pa ìdílé tán lóru. Ilé Texas ní tirẹ̀, wọ́n dí i pinpin nítorí AC, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàrin gáréèjì àti yàrá. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Nígbà òtútù February 2021, èéfín yìí ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Harris County: àwọn kan tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì, àwọn mìíràn gbé èédú wọlé.

Ẹ gbé e síta, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn àti wíndò, ti yín àti ti aládùúgbò. Ẹ kọ ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀ sí ibi tí kò sí ilé. Wáyà ẹstẹ́ńṣọ̀n tó gùn tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn: 12-gauge fún fíríìjì. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń lò fún iná Kérésì á gbóná, á sì yọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù, kí ẹ tó bu pẹtiró sí i.

Ẹ má sì fi wáyà olórí méjì ki iná bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Iná náà á jáde sí òpó, tiransifọ́mà á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt, òṣìṣẹ́ CenterPoint (ilé iṣẹ́ tó ni wáyà iná) tó ń tún wáyà ṣe lókè ni yóò pa. Bí ẹ bá fẹ́ kí iná wọ gbogbo ilé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó níwèé àṣẹ fi interlock tàbí transfer switch (ohun tí kì í jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ jáde sí òpó) sí i.

Ẹ ra ẹ̀rọ akígbe carbon monoxide tó ń lo bátìrì, ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsúnmọ́ yàrá. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ má rò pé ibà ni. Ẹ jáde ná, kí ẹ tó pe 911.

Noosi_Agba:

Ti màmá. Fọ́ọ̀mù méjì ló wà, wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́, STEAR, ìwé orúkọ ìjọba Texas fún àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ nígbà pàjáwìrì: ẹ tẹ 2-1-1, ẹ ní ẹ fẹ́ fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ wà ní àdírẹ́sì yín. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ìkejì, fọ́ọ̀mù "critical care", tó ń sọ pé ẹ̀rọ tó ń lo iná ni ẹ̀mí ẹnìkan nínú ilé gbára lé, èyí tí dókítà wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ CenterPoint. Èyí náà ní ọjọ́ tó ń parí.

Kò sí èyí tó ṣèlérí pé iná kò ní lọ, tàbí pé ẹnikẹ́ni á wá gbé wọn. Nígbà ìjì Beryl, 8 July 2024, àwọn oníbàárà CenterPoint tí iná kú mọ́ lórí lé ní mílíọ̀nù 2, ọ̀pọ̀ ló sì lo ọjọ́ púpọ̀ nínú òkùnkùn. Nítorí náà, ẹ bèèrè sílíńdà ọ́síjìn àfikún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹ̀rọ wá. Sílíńdà E tó kún, bí wọ́n bá ń fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní ju wákàtí 5 sí 6 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún wo iye watts tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó gbà pé jẹnẹrétọ̀ á gbé òun àti fíríìjì pọ̀. Kí àbẹ́là má ṣe wọ yàrá náà rárá.

Baba_Ibeji_Katy:

Zone X: ẹ rà á. Flood Control District ṣírò pé ilé tí omi wọ̀ nígbà Harvey lé ní 150,000 ní káúntì yìí, èyí tó ju ìdajì wọn lọ ló sì wà lẹ́yìn ààlà tí máàpù pè ní eléwu. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ti NFIP (ìnṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba àpapọ̀) ń dé $250,000 lórí ilé, $100,000 lórí ẹrù, àmọ́ ọ̀tọ̀ lẹ ń ra ti ẹrù; ẹ bèèrè rẹ̀ lẹ́nu. Iyùn àti góòlù ìyàwó wa kò ní ju $2,500 lọ nínú ẹ̀, lápapọ̀. Mọ́tò kò sí níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ 30 ni ẹ máa dúró lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ìjì bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n ti pẹ́ jù.

Cypress_Tuntun:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá ní ìjì ń bọ̀, ṣé ká gba Dallas lọ?

Gota_ati_Odo:

Ìgbì òkun là ń sá fún, àwọn tó wà ní Zone etí òkun (Coastal), A, B àti C lápá Galveston àti Clear Lake ló kàn (ìpín ìsákúrò nìyí, kì í ṣe ti máàpù omíyalé). Cypress jìnnà sí i. Nígbà ìjì Rita ní 2005, gbogbo ènìyàn bọ́ sójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ló kú nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, nínú ooru àti ìjàǹbá ọkọ̀. Ti màmá yàtọ̀ ṣá: bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí iná rẹ̀ kì í lọ, ẹ gbé wọn lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Lójú omi, íǹṣì 6 tó ń ṣàn lè gbé àgbàlagbà ṣubú, íǹṣì 12 lè gbé mọ́tò kékeré, ẹsẹ̀ bàtà 2 á gbé jíìpù. Lóru, jíjìn omi kì í hàn.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí readyharris.org lónìí. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé sí i, nọ́ńbà fóònù nìkan kò tó, ìkìlọ̀ ń tẹ̀lé àdírẹ́sì. Ẹ fi ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti ibi iṣẹ́ kún un. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, Notifications, kí ẹ wá "Government Alerts" nísàlẹ̀ pátápátá; ọ̀pọ̀ ló ti pa á nítorí ariwo òru.