Ìwé Flash fún ọmọ tí kì í fẹ́ kàwé

Màmá Ayọ̀, Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi pé ọdún 14 lóṣù tó kọjá. Ìwé kì í wù ú kà, àmọ́ tí The Flash, eré akọni tó ń sáré bíi mànàmáná, bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé ọ̀fàdà síwájú ẹ̀, kò ní í rí i. Mo rí Hocus Pocus, ìwé tí Barry Lyga kọ lórí eré yẹn, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Sápọ́n. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé ẹ̀ pé. Ṣé ìtàn inú eré náà ni wọ́n kàn tún kọ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kíá ló máa sú u.

Bọ̀dá Àlàbí, Ìbarà: Ẹ rà á, mà. Ìtàn tuntun ni, ọdún 2017 ló jáde. Nínú eré, Barry Allen, ìyẹn The Flash fúnra ẹ̀, sáré padà sí ìgbà tó ti kọjá lọ gba ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ikú, gbogbo nǹkan sì dàrú. Nínú ìwé, kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn wá gba ọ̀nà mìíràn. Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyẹn! Johnny Quick (2018) ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà The Tornado Twins (2018). Ẹ jẹ́ kó kà wọ́n tẹ̀léra.

Àǹtí Tíṣà, Àsẹ̀rò: Ìwé ti Supergirl, eré akọni obìnrin, náà wà, Jo Whittemore ló kọ ọ́. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Màmá Ayọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rà á. Ó ti gbé e wọ yàrá láti ìrọ̀lẹ́, kò tíì jáde wá jẹun.